Ọjọ́ mẹ́rin létí Òkun Baltic: ìlú kan ni, àbí mẹ́ta?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Leeds là ń gbé, èmi, ọkọ mi, àti ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìsinmi àárín táàmù ní ìparí oṣù Kẹwàá la fẹ́ lò, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọkọ mi ní ká fi wo Gdańsk ní Pólándì, Riga ní Látífíà àti Tallinn ní Estóníà pa pọ̀, pé nígbà tí owó bàálù kò ti wọ́n, kí la fẹ́ jókòó sójú kan ṣe? Lójú tèmi, báàgì la ó kàn máa gbé kiri. Pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó làwọn méjèèjì ń lò. Tèmi ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà. Èwo ni ká ṣe? Ibo ni ká sùn? Kí la fẹ́ máa jẹ? Owó wa kò pọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

* * *

Lẹ́tà tí ìyá ọmọ kan kọ sójú ewé wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń fèsì sí i, èmi náà sì ń dáhùn, mo ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìlú kan ni. Gdańsk ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ta kò mí, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Máàpù ló ń tan bàbá ọmọ jẹ. Lójú máàpù, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sétí òkun kan náà bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá bọ́ sójú títì, Gdańsk sí Tallinn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Èkó sí Kánò nìyẹn. Riga sí Tallinn nìkan lé ní 300 kìlómítà, bí ẹni ń ti Èkó lọ Ìlọrin, bọ́ọ̀sì á sì lò tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀ kó tó dé. Bí ẹ bá ní bàálù lẹ máa wọ̀, ẹ ka wákàtí tí ẹ ó fi dé pápákọ̀ òfurufú, èyí tí ẹ ó fi tò, èyí tí ẹ ó fi jókòó dúró, èyí tí ẹ ó fi wá òtẹ́ẹ̀lì tuntun rí. Ìdajì ọjọ́ ti lọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ kan ti wọmi nínú mẹ́rin.

Mo ti ṣe é rí, òun ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni, oṣù Kejì ọdún, Vilnius ní Lituéníà, Riga, Tallinn, ọjọ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ni mo rí ní Vilnius, ibùdókọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àti tíì inú ife pépà tí mo dì mú kí ọwọ́ mi lè móoru. Ẹsẹ̀ kan kán lára àpótí mi lórí òkúta róbótó tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà ní Riga. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ni mo fi ń gbé e. Nígbà tí a dé Tallinn, apá ọ̀tún mi ti wú, òtẹ́ẹ̀lì ni mo sì ń wá, kì í ṣe ìlú.

Ohun tó mú Gdańsk yàtọ̀ ni pé ìlú mẹ́ta ló so kọ́ra lójú irin kan ṣoṣo: Gdańsk, Sopot àti Gdynia. Láti Gdańsk, bí ogún ìṣẹ́jú lẹ ó fi dé Sopot, ẹ ó sì dé Gdynia kí wákàtí kan tó pé. Gdańsk ni ìlú àtijọ́, Sopot ni ìlú etíkun tí àwọn èèyàn ti ń lọ gbatẹ́gùn, Gdynia ni ìlú èbúté tí àwọn ará Pólándì kọ́ fúnra wọn láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Bàbá ọmọ á rí ìlú mẹ́ta rẹ̀, ẹ ó sì máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lálaalẹ́.

* * *

Kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ físà.

Ẹnìkan ní níwọ̀n ìgbà tí màmá ọmọ ti ní ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó, kò nílò físà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé yẹn kò ṣílẹ̀kùn Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan ṣoṣo, fún pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Bàbá àti ọmọ á kọjá láìgba físà. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ gbà á. 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ yín kò sì sí nínú ìyẹn. Ẹ máa ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Pásípọ́ọ̀tù yín kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kí ojú ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò lẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀. Ó pẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìrìn-àjò nígbà tí ẹ bá ṣe é. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn.

Ibí yìí gan-an ni ìdí kejì tí mo fi ní ìlú kan. Òfin ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lọ ni kí ẹ ti bèèrè. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ẹ lọ bá èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ pín ọjọ́ mẹ́rin sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ẹ máa wá ìwé òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, àti àlàyé tó máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Pólándì nìkan, ìwé òtẹ́ẹ̀lì kan, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ó parí.

Ẹlòmíràn gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ sọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè yòówù tó bá ní àyè ìpàdé tó yá jù, kí ẹ gba físà tiwọn, kí ẹ wá lọ síbi tó wù yín. Mo lòdì sí i pátápátá. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, kì í ṣe orúkọ ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn. Bí wọ́n bá bi yín lẹ́nu ibodè pé kí lẹ wá ṣe ní Pólándì pẹ̀lú físà orílẹ̀-èdè mìíràn, níwájú ọmọ yín lẹ ó ti dáhùn.

Èmi fúnra mi ti jìyà ìkánjú rí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde, nítorí pé owó rẹ̀ dùn mọ́ mi. Bàálù gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, pásípọ́ọ̀tù mi dé lọ́wọ́ oníwèé ní ọjọ́ Ajé. Físà náà wà nínú rẹ̀, ó mọ́ rekete. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Láti ìgbà náà, òtẹ́ẹ̀lì tí mo lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ mú, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbẹ̀yìn.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ẹnu ibodè pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ojú gbogbo àlejò tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka àgbàlagbà tí kò gba físà. Bàbá ọmọ ló kàn nígbà yìí. Ẹ dúró dè é.

* * *

Àwọn ọmọ Tallinn ti gbé ogun dé. Ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní mo ṣe àìdáa sí ìlú náà.

Mo gbà pé ó rẹwà. Ìlú àtijọ́ rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO láti 1997, ògiri ààbò rẹ̀ ṣì dúró, ilé ìpoògùn kan sì wà ní gbàgede rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti 1422, tó ṣì ń ta oògùn dòní. Pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ kò jìnnà sáàárín ìlú rárá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì ni láìsí ọmọ, nínú oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, nígbà tí ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú lọ́hùn-ún, mo lè ní kí ẹ lọ síbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń wà lójú sánmà Tallinn fún ohun tó lé ní wákàtí méjìdínlógún. Ní ìparí oṣù Kejìlá, bí wákàtí mẹ́fà ni. Ẹni tó bá ń pè yín wá wo ọjà Kérésìmesì, kó sọ ìyẹn náà fún yín.

Ẹni tó ní kí ẹ ti Tallinn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Helsinki ní Fínlándì kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà kò purọ́: wákàtí méjì ni òkun ọ̀hún. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀, ká fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ ní èbúté kún un, kí lẹ fẹ́ rí ní Helsinki kí alẹ́ tó lẹ́? Ìyẹn wà fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́fà.

Mo padà lọ Tallinn lọ́dún kejì ìrìn-àjò burúkú yẹn, pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin. Ní òpópónà Pikk, nọ́ńbà 26, ilẹ̀kùn onígi kan wà tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé àti wúrà. Orí adúláwọ̀ kan wà lókè rẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje nígbà náà, fa apá kóòtù mi: "Mọ́mì, ẹ wò ó, èèyàn wa ni." Mo dúró, n kò lè rìn.

Ilé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tí kò tíì gbéyàwó ni ilé náà. Mórísì Mímọ́, ọmọ ogun láti ilẹ̀ Íjíbítì, ni wọ́n mú ní aláàbò, orí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe àmì ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ Olórí Dúdú. Wọ́n ní ilé tó tóbi ju ìyẹn lọ ní Riga. Ogun ba ti Riga jẹ́ ní 1941, wọ́n wó àjókù rẹ̀ ní 1948, wọ́n tún un kọ́ tán ní 1999. Ẹnìkan níbí ní ìwọ̀sí ni orí yẹn, ẹlòmíràn ní ọlá ni. Èmi rí i pé wọ́n gbé e sókè bí aláàbò, kì í ṣe bí ẹrú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orí nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀, láìsí ara, n kò sì lè sọ pé ọkàn mi balẹ̀ tán lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dé Tallinn lọ́jọ́ kan, ẹ mú ọmọ yín dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jọ sọ ọ́.

* * *

Riga ńkọ́? Òun ni mo fi ṣe ìkejì. Ọjà àárín ìlú rẹ̀ nìkan tó ìrìn-àjò: wọ́n ṣí i ní 1930 nínú àwọn ilé ràgàjì tí wọ́n fi irin ilé ìgbọ́kọ̀-òfurufú Zeppelin àwọn ará Jámánì kọ́. Ẹja yíyan ibẹ̀ máa ń tàn bí wúrà. Bí mo ṣe ń gba ọ̀nà ibi ẹja kọjá, òórùn èéfín gbà mí nímú, mo rántí ọjà Bódìjà láìròtẹ́lẹ̀. Ṣàwá ni, ṣàwá tí wọ́n fi sínú èéfín, tó rọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ gbé Riga sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Kò ní sá lọ.

* * *

Ẹni tó ní "Gbogbo ilé àtijọ́ tó wà ní Gdańsk, ayédèrú ni, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n kọ́ ọ" rò pé òun ti pa ọ̀rọ̀ náà tì. Òótọ́ ni pé ìlú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán ní 1945. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé aláràbarà tí ẹ máa rí ní Długi Targ, gbàgede ńlá ìlú àtijọ́, níbi tí ère Neptune ti ń wo èèyàn láti 1633, wọ́n tún wọn kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ràn ìlú náà nìyẹn. Ìlú kan tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu èbúté rẹ̀, ní Westerplatte, ní 1 oṣù Kẹsàn-án 1939, tó di àlàpà, tí àwọn èèyàn sì padà wá to bíríkì lé bíríkì títí ojú òpópónà fi padà jọ ti tẹ́lẹ̀: ta ló ń pe ìyẹn ní ayédèrú? Ilé tí a tún kọ́ kì í ṣe irọ́ bí ẹni tó kọ́ ọ kò bá fi pa mọ́.

Ẹ lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì Mariacka. Bíríkì ni gbogbo rẹ̀, ó tóbi débi pé ohùn èèyàn ń sọnù nínú rẹ̀. Aago ńlá kan wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ dé ibẹ̀ kó tó di ọ̀sán gangan kí ọmọ lè rí àwọn ère kéékèèké tó máa ń jáde nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilé ìṣọ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 400. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa gùn ún ṣáájú yín.

* * *

Ibi tí ẹ máa sùn. Ohùn pín sí mẹ́ta: àárín ìlú àtijọ́, Sopot, àti Wrzeszcz, àdúgbò kan ní Gdańsk.

Àárín ìlú àtijọ́ dára lójú, ṣùgbọ́n òkúta róbótó ló wà nílẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ìtàn àpótí mi. Sopot dára lásìkò ooru. Wrzeszcz ni mo fọwọ́ sí: ọkọ̀ ojú irin tó ń ti pápákọ̀ òfurufú bọ̀ ń dé ibẹ̀, èyí tó ń lọ Sopot àti Gdynia náà ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ará ìlú ló ń gbé àdúgbò náà, owó yàrá tí mo san níbẹ̀ sì kéré sí ti àárín ìlú. Ẹni tí kò bá fẹ́ Wrzeszcz, kó wá yàrá tó sún mọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá, Gdańsk Główny. Bí ẹ bá ń gbèrò àti padà lọ lásìkò ooru, ẹ mọ̀ pé láti ìparí oṣù Keje wọ inú oṣù Kẹjọ ni ọjà Dominiki, tó ti wà láti 1260. Yàrá máa ń wọ́n nígbà náà.

Owó: złoty ni wọ́n ń ná ní Pólándì, kì í ṣe yúrò. Káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo tí mo dé, ẹ ṣáà mú owó wẹ́wẹ́ dání nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ san án ní pọ́n-ùn tàbí ní złoty, złoty ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pọ́n-ùn, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa fi ṣẹ́ ẹ fún yín.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó ìtanràn kí n má gbàgbé. Ọjọ́ kejì mi ní Gdańsk ni. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lójú fèrèsé, mo fi sínú pọ́ọ̀sì, mo wọlé, mo jókòó. Obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé, ó yí tèmi síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá fi ìka hàn mí ibi tó ṣófo létí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti kì í bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀, kó lù ú lóǹtẹ̀. Mo sanwó. Ẹ̀bi tèmi ni, mo kàn fẹ́ kí ó tán lórí mi. Tíkẹ́ẹ̀tì yòówù tí ẹ bá rà, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá déètì àti agogo ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó wọlé. Ẹ má sì rò pé tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tàbí tráàmù á gbé yín lórí ọkọ̀ ojú irin, àfi bí wọ́n bá kọ méjèèjì sí i.

* * *

"Kí la fẹ́ máa jẹ?" Ìbéèrè yìí ni gbogbo yín fò.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ bar mleczny sí. Bùkátẹ́ríà wọn nìyẹn: ẹ máa tò, ẹ máa nawọ́ sí ohun tó wù yín, ẹ máa gbé àwo yín lọ jókòó. Pierogi ni ọmọ máa fẹ́ràn, ìyẹ̀fun tí wọ́n po, tí wọ́n fi di ànàmọ́ àti wàrà, ẹran tàbí olú. Żurek ni kí ẹ̀yin tọ́ wò. Wọ́n máa ń rẹ ìyẹ̀fun ọkà rye sómi títí á fi kan, bí a ṣe ń ṣe ògì gẹ́lẹ́, wọ́n á wá fi se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹyin àti sọ́séèjì. Ṣíbí àkọ́kọ́ tí mo fi sẹ́nu, mo gbé e sílẹ̀, mo wo inú abọ́. Kíkan ògì ọjọ́ kẹta ni, nínú ọbẹ̀ gbígbóná. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí atẹ́gùn òkun ti gbá èèyàn, kò sí ohun tó dára tó o.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù: wieprzowina. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kódà pierogi aláànàmọ́ lè ní ègé rẹ̀ kéékèèké tí wọ́n dín sórí rẹ̀, ẹ bèèrè kí wọ́n tó bù ú. Ata? Ẹ gbé ata gígún tiyín dání.

* * *

Ẹnìkan bèèrè nípa ámbà, pé òun fẹ́ rà fún ìyá òun nílé. Oje igi ni, tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ogójì mílíọ̀nù ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òkun Baltic máa ń tì jáde sí etí bèbè. Òpópónà Mariacka kún fún àwọn tó ń tà á. Ìyá kan níbẹ̀ gbé ife omi jáde nígbà tó rí i pé mo ń ṣiyèméjì, ó da iyọ̀ sí i, ó rò ó, ó sọ ìlẹ̀kẹ̀ méjì sínú rẹ̀. Ọ̀kan rì lọ sísàlẹ̀, tó! Èkejì gòkè, ó léfòó. Ó ní èyí tó rì, gíláàsì ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá léfòó ni ojúlówó. Àwọn ike kan náà ń léfòó, oje igi tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ náà ń léfòó. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ojúlówó fúyẹ́, kì í tutù bíi gíláàsì. Ilé ìtajà tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ ti ra èyí tó bá wọ́n. Mo ra ọ̀kan fún ìyá mi. Iyùn rẹ̀ ló ṣì fẹ́ràn jù, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú.

* * *

Mo padà sórí ìbéèrè gan-an. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin?

Wọ́n ní kí ẹ mú un lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dára gan-an, ó sì wúwo gan-an; èmi kò ní mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá wọ gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí European Solidarity Centre, mùsíọ́ọ̀mù ìtàn ìjàgbara àwọn òṣìṣẹ́, ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Iyàrá àkọ́kọ́, ẹ gbójú sókè: akoto aláwọ̀ yẹ́lò ti àwọn òṣìṣẹ́ ló bo gbogbo àjà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Ní oṣù Kẹjọ 1980, wọ́n lé obìnrin kan, Anna Walentynowicz, tó ń wa ẹ̀rọ ìgbẹ́rù níbẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́, ó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Wọ́n kọ ohun mọ́kànlélógún tí wọ́n fẹ́ sórí pátákó, wọ́n gbé e kọ́ ẹnu géètì. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ìjọba fọwọ́ sí ìwé. Lech Wałęsa tó ṣáájú wọn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983, ó di ààrẹ Pólándì ní 1990. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì tí kì í so èso, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ibi tí ọ̀kan ti so.

Ọjọ́ kejì, Sopot. Afárá onípákó rẹ̀ gùn tó 511 mítà àti ààbọ̀, ó sì wọnú òkun lọ. Ẹ rìn ín dé òpin. Ní ìparí oṣù Kẹwàá atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbọ̀n èèyàn bí aṣọ orí okùn, omi á máa lu òpó lábẹ́ pákó tí ẹ dúró lé, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, bí ojú ọjọ́ bá dára, ọkọ̀ ojú irin lọ sí Malbork, kò tó wákàtí kan: ilé olódi bíríkì tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́sìn kọ́, tó tóbi débi pé ọ̀sán kan kò tó. Ọjọ́ kẹrin, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá agogo padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, kí agogo 4:30 tó lù, oòrùn ti wọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi rìn níta. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi wọ mùsíọ́ọ̀mù.

* * *

Ẹnìkan bi mí ní kọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ dáhùn ní gbangba: ṣé ojú àwọ̀ dúdú ṣeé gbé lọ síbẹ̀?

Wọ́n máa wò yín. Nínú ọkọ̀ ojú irin Malbork, ìyá arúgbó kan wò mí láti ibùdó kan dé èkejì láìyẹjú, kó tó wá fún ọmọ mi ní súùtì láti inú báàgì rẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́ẹ̀mejèèjì tí mo lọ Gdańsk. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ ọ, lóru, lẹ́nu ilé ọtí, láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tó ti mu yó. Òótọ́ méjèèjì ni mo gbé fún yín. Ẹ̀yin pẹ̀lú ọmọ, tí ẹ ó wà nínú yàrá nígbà tí ilé ọtí bá kún, n kò rí ìdí tí ẹ kò fi ní lọ.

* * *

Màmá ọmọ ti padà wá. Ó ní bàbá ọmọ ti gbà, wọ́n sì ti mú yàrá tí wọ́n lè fagi lé ní Wrzeszcz. Ọjọ́ ìpàdé físà ti jáde. Wọ́n á dé ní 29 oṣù Kẹwàá, wọ́n á gbéra padà ní alẹ́ 1 oṣù Kọkànlá. Ó ní kí ni òun gbójú fò?

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn yẹn ni. 1 oṣù Kọkànlá ni Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ìsinmi ńlá ni ní Pólándì. Ilé ìtajà máa tì, ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù máa tì. Ẹ ra omi, búrẹ́dì àti èso ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ sì ra àbẹ́là kan kún un, irú èyí tó wà nínú ìgò pupa, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú gbogbo. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ẹ tó lọ gbé báàgì, ẹ wọ itẹ́ òkú tó bá sún mọ́ yín jù. Gbogbo ìdílé ló máa wà níbẹ̀, baba, ìyá, ọmọ ọwọ́, iná kéékèèké á ti bo ilẹ̀ lọ súà, kò sì sẹ́ni tó máa pariwo. Ẹ bá ọmọ yín wá sàárè kan tí ẹnikẹ́ni kò tan iná sí, kí ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìṣáná.